Alùpùpù nlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogójì ọdún: bí ẹ ṣe máa rà á ní Ìlọrin

Ẹni tó ti lé lógójì ọdún tó sì fẹ́ ra páwà báìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ṣe ohun ìtìjú kankan. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti ń fúyẹ́, ilé ti wà, ọkàn wá ń rántí ohun tí kò ráyè ṣe nígbà èwe. Mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ra irú ẹ̀ ní Ìlọrin níbí, àwòrán inú fóònù ni wọ́n fi yàn án. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, alùpùpù á wà nínú ọgbà lábẹ́ tapólì, bátìrì á ti kú, olówó á sì máa wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ òun. Alùpùpù náà lè dára gan-an láyè ara rẹ̀, àmọ́ kò bá ọ̀nà wa mu, kò bá ara ẹni tó rà á mu, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe nítòsí. Ọ̀nà, ara àti mẹkáníìkì ni kí ẹ fi yan alùpùpù. Orúkọ rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ lè dúró dìgbà tó bá yá.

Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó rà á

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gun Vespa, Honda tàbí Suzuki nígbà kan rí. Ó dára, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì máa rántí kílọ́ọ̀ṣì àti jíà. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Bajaj Boxer 100cc tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn ní Ọjà Ọba, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi hásípáwà 8, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà ní àyíká kílò 110. Yamaha R6 tó jẹ́ 599cc ní ju hásípáwà 110 lọ, ó sì sún mọ́ kílò 190. Bí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì fún un níná ju bó ṣe yẹ lọ, kí ojú tó ṣẹ́, ẹ ti kúrò níbi tí ẹ wà.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà fi ń dúró. Wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kan bíréèkì iwájú torí wọ́n gbà pé á gbé àwọn ṣubú. Lórí alùpùpù nlá, bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró, torí gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ àti ti ẹni tó gùn ún máa ń sún síwájú bí ẹ bá ń dúró. Bí ẹ bá já a gbà lójijì, táyà iwájú á yọ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fún un díẹ̀, tí ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n náà sún sórí táyà iwájú, tí ẹ wá fún un dáadáa, alùpùpù á dúró gbọn-in. Èyí gbọ́dọ̀ wọ ọwọ́ yín débi tí ẹ ò ní ronú kí ẹ tó ṣe é, torí ewúrẹ́ tó sáré jáde ní Gànmọ̀ kò ní fún yín láyè ìrònú.

Nítorí náà, ẹ ra alùpùpù kékeré 125cc tàbí 150cc tàbí kí ẹ yá a, kí ẹ sì fi oṣù méjì sí mẹ́ta gùn ún. Ẹ wá pápá ilé-ìwé tàbí ilẹ̀ gbalasa kan láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ to ike omi sílẹ̀, kí ẹ máa gba àárín wọn kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ máa yí po nínú àyè tí kò fẹ̀ ju ọ̀nà àdúgbò lọ. Ẹ sáré dé kìlómítà 40 ní wákàtí kan, kí ẹ dúró pátápátá láìjẹ́ kí táyà wọ́ nílẹ̀. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọlọ́kadà: bí alùpùpù bá ti ń sáré tí ẹ sì fẹ́ yà sósì, ọwọ́ òsì lẹ máa rọra tì síwájú, alùpùpù á sì tẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Bí ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó tì. Ó máa ń ṣe èèyàn ní kàyéfì títí dìgbà tí ẹ bá dán an wò. Ẹni tí kò mọ èyí ló máa ń bá ara rẹ̀ nínú igbó bí kọ́nà bá le ju bó ṣe rò lọ.

Ìwé ìwakọ̀ mọ́tò tí ẹ ní lọ́wọ́ kò gba alùpùpù. Ti alùpùpù ni kíláàsì A. Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí àwọn VIO dán yín wò, kí ẹ tó lọ ya fọ́tò àti ìka lọ́dọ̀ FRSC. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kò sídìí láti dúró dìgbà tí alùpùpù bá ti wà nílé.

Ara yín, ọ̀nà yín, àti irú èyí tó bá wọn mu

Ní ọjọ́ orí wa, ojú kì í tètè rí kòtò nírọ̀lẹ́ mọ́. Orúnkún máa ń ro bó bá ká fún wákàtí kan, ẹ̀yìn náà á sì máa sọ tirẹ̀. Ẹ lọ yẹ ojú wò. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn mìíràn tó ń mú oorun wá, ẹ bi dókítà bóyá ó bá gígun alùpùpù mu. Èyí kì í ṣe ìdáyàfoni. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ ló ń pẹ́ lórí alùpùpù.

Oríṣi mẹ́ta lẹ máa rí jù lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń sáré, irú Yamaha R6, Honda CBR600RR àti Suzuki GSX-R. Èèyàn máa ń dojú bolẹ̀ lórí wọn ni, tí ìwọ̀n ara á wà lórí ọrùn ọwọ́, tí orúnkún á sì ká kúnkún. Ẹ́ńjìnnì wọn kò fẹ́ ìrìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Géríàlímì dé Post Office lóṣù kẹta tí oòrùn mú ganrín-ganrín, ooru rẹ̀ á máa jó itan yín. Epo tó dáa jù ni wọ́n ṣe wọ́n fún, rọ́bà tó bo ara wọn sì gbówó lórí bó bá fọ́. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn kí èyí jẹ́ àkọ́kọ́ yín, bó ti wù kó rẹwà tó. Ọ̀rọ̀ Hayabusa tó jẹ́ 1340cc kò tiẹ̀ yẹ kó wáyé rárá.

Ìkejì ni àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ síwájú gùn, irú Honda Shadow 750 àti Harley-Davidson. Ìjókòó wọn sún mọ́lẹ̀. Ti Shadow 750 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 66, ẹni kúkúrú sì máa fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣòro wọn níhìn-ín ni pé inú wọn náà sún mọ́lẹ̀. Ẹ ka iye bọ́ǹpù tó wà láti Gànmọ̀ gba Ìdòfìàn dé Àjàṣẹ́-Ìpo, èyí tí ìjọba ṣe àti èyí tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn mọ. Inú alùpùpù náà á máa ha wọn. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní àyè púpọ̀ láti gbọ́n, ìbàdí yín ló máa gba èyí tó kù.

Ìkẹta ni àwọn tí ẹni tó gùn wọ́n jókòó ṣánṣán, tí háńdù wọn fẹ̀, tí ṣọ́ọ̀kì wọn gùn. Níbí ni kí ẹ ti wá tiyín. Honda CB500X jẹ́ 471cc, hásípáwà 47, ó sì sún mọ́ kílò 200. Suzuki V-Strom 650 jẹ́ 645cc, agbára rẹ̀ ń lọ sí hásípáwà 70, kílò rẹ̀ lé díẹ̀ ní 210. Kawasaki Versys 650 àti Honda NC750X náà wà ní ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n máa ń lọ ní 100 tàbí 110 láìṣàárẹ̀ láti ibí dé Òmù-Àrán, wọ́n máa ń gba bọ́ǹpù láìbínú, ẹ sì lè fi báàgì sẹ́yìn wọn. Ìjókòó wọn wà ní àyíká sẹ̀ǹtímítà 83. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá tó o, ẹ wo Honda CB500F tàbí Yamaha MT-07, tí ìjókòó wọn kò ga tó bẹ́ẹ̀. BMW R1200GS tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń lálàá rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 240. Ẹ fi í ṣe èkejì.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ bóyá ó bá ara yín mu kò le. Ẹ jókòó lé e pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa fi gùn ún. Ìdajì iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ pa pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tì í sẹ́yìn gba orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ láìsí ẹni tó ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá lè ṣe é lónìí, ẹ ò ní lè ṣe é nígbà tó bá rẹ̀ yín lójú ọ̀nà.

Ẹ pín owó kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ má fi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó yín ra alùpùpù. Ìdá kan tó kù ni àṣíborí, jákẹ́ẹ̀tì, bàtà, ìwé, adójútòfò, àti táyà, bátìrì àti ṣéènì tó ṣeé ṣe kí ẹ pààrọ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́. Bí owó tó kù yín lọ́wọ́ kò bá tó, ẹ wá alùpùpù tó dínwó, ẹ má ṣe dín àṣíborí. Kí ẹ sì bá ìyàwó tàbí ọkọ yín sọ̀rọ̀ kí owó tó jáde. Ẹni tó ń dúró de yín nílé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Mẹkáníìkì ṣáájú alùpùpù

Àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìlọrin mọ iṣẹ́ wọn gan-an, wọ́n lè tú Bajaj palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó pa dà lójú yín. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀. Alùpùpù nlá òde òní ń lo íńjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo àti brain box tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fẹ́ ẹni tó lè fi ẹ̀rọ ka àṣìṣe inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá mẹkáníìkì kọ́kọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó gun páwà báìkì ní Táńkè tàbí GRA, ẹ kí i, kí ẹ bi í pé ta ló ń tún tirẹ̀ ṣe. Inú wọn máa ń dùn láti sọ. Ẹ wá lọ bá mẹkáníìkì náà, kí ẹ bi í pé èwo nínú àwọn tí ẹ ń wò ni ó ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ rí, èwo ni pátì rẹ̀ máa ń tètè dé láti Èkó, èwo ni a máa dúró dè títí kó tó ti òkè òkun dé. Ìdáhùn rẹ̀ tó láti yọ ìdajì orúkọ kúrò nínú ìwé yín. Kí ẹ sì san owó fún un kó tẹ̀ lé yín lọ wo èyí tí ẹ bá fẹ́ rà, bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni o, bó bá jẹ́ Èkó ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ pe olùtà ṣáájú, kí ẹ ní kó má tan án kí ẹ tó dé. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, kí òjò má sì máa rọ̀. Bí ẹ bá dé, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti móoru, ẹnì kan ti tan án kí ẹ tó dé, bóyá torí kì í tètè jí láàárọ̀. Ẹ dúró kó tutù tàbí kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ wá nọ́ńbà tó wà lára irin ọrùn rẹ̀, níbi tí háńdù ti so mọ́ ara. Alùpùpù tó ti Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù wá máa ń ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ fọwọ́ pa á: bí wọ́n bá ti fi fáìlì ra á, tàbí tí ìlà rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtà kí ẹ máa lọ. Lára àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún: A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, tí J fi jẹ́ 2018, K 2019, L 2020. Wọn kì í lo I. Ẹ kọ nọ́ńbà 17 náà sínú Google kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé ọjà gbàǹjo àwọn tó ti ní jàǹbá ni wọ́n ti rà wọ́n lọ́hùn-ún, àwòrán ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn débẹ̀ sì máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tòun ti ara tó ti bó.

Jàǹbá náà máa ń fi àpá sílẹ̀ lára ọkọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kùn ún. Ẹ wo orí háńdù méjèèjì, ẹnu bíréèkì ọwọ́ àti kílọ́ọ̀ṣì, orí irin tí ẹsẹ̀ ń gùn, àti ìdérí ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún àti òsì. Bí gbogbo wọn bá ha lápá kan náà, ó ti ṣubú lápá yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣubú níbi tó dúró sí lásán ni, àpá náà máa ń kéré, kò sì ní gùn. Ẹ wá wo abẹ́ ọrùn rẹ̀: irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dá háńdù dúró bó bá yí dé òpin. Bí irin yẹn bá ti tẹ̀ tàbí tó ti ya, iwájú rẹ̀ ti lu nǹkan tó le. Ìyẹn nìkan tó fún mi láti fi í sílẹ̀, nítorí irin ara tó ti wọ́ kò ṣeé fojú rí, bẹ́ẹ̀ kò sí wẹ́dà tó lè dá a padà bó ṣe wà.

Kí mẹkáníìkì gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra yí háńdù láti òsì sí ọ̀tún. Ó gbọ́dọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ń há ní àárín, bẹ́rìn ọrùn ti jẹ. Ẹ fi aṣọ funfun nu irin ṣọ́ọ̀kì iwájú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún nu ún. Bí ọ́ìlì bá yọ, síìlì ti lọ, ọ́ìlì náà sì lè máa kán sórí bíréèkì. Ẹ fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó ti gun páànù eléyín ẹ̀yìn. Bó bá gbéra débi tí ẹ fi rí ìdajì eyín, òun àti páànù rẹ̀ méjèèjì ló máa di pípààrọ̀.

Táyà ní nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó bá ti lé ọdún márùn-ún, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ kún, ẹ ka owó tuntun mọ́ iye tí ẹ máa ná. Rọ́bà tó ti gbẹ kì í di ọ̀nà mú nígbà òjò. Bíréèkì náà: ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo bí pádì ṣe nípọn tó, kí ẹ sì fi èékánná wọ́ etí dísìkì. Ìwọ̀n tó kéré jù tí dísìkì lè dé wà lára rẹ̀ ní fífín. Ẹ bèèrè bóyá ó ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Láti 2017 ni gbogbo alùpùpù tuntun tó ju 125cc lọ tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Yúróòpù ti gbọ́dọ̀ ní i, torí náà èyí tó bá wá láti ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà yẹ kó ní. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí wa, mo ka ABS sí ohun tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ fi owó kún owó.

Ó kan iná. Ẹ fi mítà wọn bátìrì kó tó jí: ó yẹ kó wà ní àyíká fóltì 12.6. Ẹ wá tan án, kí ẹ fún un níná díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n: kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè kọjá 13, kò ṣáàjì. Bó bá ju 15 lọ, ohun tó ń dá iná dúró ti bàjẹ́, á sì ṣe bátìrì léṣe. Ooru ilẹ̀ wa máa ń tètè pa ẹ̀yà yìí, nítorí náà ẹ má fojú fò ó. Bí ẹ ti ń tan án, ẹ wo sàléńsà rẹ̀. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ tó sì parẹ́ kò burú. Èéfín aláwọ̀ búlúù tí kò lọ túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí fáànù rẹdiétọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá ààlà tí fáànù kò yí, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Challenge lọ́sàn-án.

Ẹ ka kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ Yamaha ní kọ́kọ́rọ́ pupa kan tó jẹ́ ìyá fún àwọn yòókù, òun ni wọ́n fi ń mú ọkọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ̀. Honda náà ní HISS, tí ọkọ̀ kì í jí bí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni olùtà ní, ẹ bi mẹkáníìkì pé èló ni òmíràn máa jẹ kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Ẹ wo aago rẹ̀ pẹ̀lú: ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka máìlì, máìlì kan sì ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ gùn ún, kí ẹ̀yin náà tó gùn ún bí ẹ bá ti kọ́ ọ dáadáa. Olùtà lè ní kí ẹ fi owó sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, ìyẹn tọ́. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn yín jókòó ti owó náà. Kí ẹ gba gbogbo jíà kọjá. Jíà tó bá ń yọ fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n máa tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, ó yẹ kó lọ gbọọrọ láìfà sápá kan.

Ẹ má dárúkọ owó kankan títí gbogbo èyí á fi parí. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ, kí ẹ fi han olùtà. Ìdúnàá-dúrà tó dúró lórí ìwé kì í di ariwo.

Ìwé rẹ̀

Nọ́ńbà ara irin, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti èyí tó wà nínú ìwé aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ bára mu ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ má gba "ìwé ń bọ̀". Àwọn kan á fi èyí tó gba ọ̀nà inú igbó láti orílẹ̀-èdè Benin wọlé gba Baruten lọ̀ yín, owó rẹ̀ á sì fani mọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lójú pópó nígbàkígbà, kò sì sí ẹni tí ẹ máa pè. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti lò ó nílé tẹ́lẹ̀, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé olùtà ló ni ín, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, rìsíìtì, àti àdéhùn tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí. Ẹ gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti kéde pé wọ́n jí i. Ìforúkọsílẹ̀ àti àyípadà orúkọ wà lọ́wọ́ KW-IRS ní Kwara. Kí ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán alágbàtà. Bí ẹ bá gba ìwé adójútòfò, ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí NIID, ìyẹn àkójọ ìwé adójútòfò ọkọ̀ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ayédèrú pọ̀ níta.

Ohun tí ẹ máa wọ̀

Oṣù kìíní ọdún 2009 ni FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò bá dé àṣíborí, àwọn ọlọ́kadà kan sì dé igbá àti ike ọ̀dà láti fi tan wọ́n. Lórí alùpùpù tó ń lọ ní 100, ẹ ra èyí tó bo orí àti àgbọ̀n pátápátá, tó ní àmì ìlànà ààbò ECE 22.05 tàbí 22.06 lára okùn rẹ̀. Àmì DOT ti Amẹ́ríkà náà wà, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyíkéyìí, nítorí náà ẹ wo bó ṣe wúwo sí àti bí fóòmù inú rẹ̀ ṣe le sí. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn orí yín yí ká lókè ojú, kí ẹ fi ra ìwọ̀n tó bá a mu. Bí ẹ bá dé e, kó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kó má sì yí bí ẹ bá mi orí. Ẹ má ra aloku. Ẹ ò mọ ohun tó ti lù rí.

Ẹ bọ́ fìlà kí ẹ tó dé e. Àwọn obìnrin tó ń lo híjáàbù lè wọ èyí tó fẹ́lẹ́ láìsí píìnì lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo gíláàsì ojú, ẹ dé àṣíborí náà pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Jákẹ́ẹ̀tì oníhò tó ní fóòmù líle ní èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ wà fún ilẹ̀ olóoru, ìyẹn ni kí ẹ rà. Bàtà gbọ́dọ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ sì gbọ́dọ̀ bo àtẹ́lẹwọ́. Agbádá àti ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ṣéènì. Bí ẹ bá ń lọ síbi ìnáwó, ẹ ká a sínú báàgì, ẹ ó wọ̀ ọ́ bí ẹ bá dé.

Oṣù àkọ́kọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sunday nínú ìlú, kí ẹ tó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Bí ọkàn bá ti balẹ̀, ẹ lè gba Òrò lọ sí Èsìẹ́, kí ẹ wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀ tó ti wà láti 1945, kí ẹ padà kí oòrùn tó rọ̀. Ọ̀nà Jẹ́bà, tí tírélà kún, kó dúró dìgbà mìíràn. Màlúù lè gba títì nígbàkígbà, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tó ti kọjá, ẹ dín eré kù. Ẹ má gùn ún lálẹ́. Kí ẹ tó gba ọ̀nà tó wọ igbó ní Ifẹ́lódùn tàbí Èkìtì ti Kwara, ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá sún mọ́ ibi tí sọ́jà tàbí fijilanté dúró sí, ẹ dẹ eré láti òkèèrè, kí ẹ ṣí gíláàsì àṣíborí kí wọ́n rí ojú yín. Àwọn ajínigbé ń lo alùpùpù. Ẹ̀ṣọ́ náà ní ìdí láti wò yín fínnífínní.

Kí ẹ tó ka kìlómítà kan lórí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo omi inú rẹ̀, ohun yòówù kí olùtà wí: ọ́ìlì, omi rẹdiétọ̀, omi bíréèkì. Ọ́ìlì alùpùpù tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lára ni kí ẹ rà. Kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ alùpùpù nlá wà nínú ọ́ìlì kan náà tí ẹ́ńjìnnì ń lò, bí ẹ bá sì da ọ́ìlì mọ́tò tó ní èròjà ìyọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. Ẹ fọ ṣéènì, kí ẹ fún un ní ọ́ìlì tirẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 500 tàbí 600, kí ẹ tún ṣe é bí òjò bá ti rọ̀ lé e. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Eruku ọ̀nà Kwara máa ń dí i kí ẹ tó fura.